Iyùn Ọmọ Ọba Lórí Òkè Fíú

Àpótí náà ṣófo. Aṣọ àrán pupa tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó ń dán, ṣùgbọ́n iyùn tó yẹ kó wà lórí rẹ̀ ti di àwátì.

Kíkẹ́olúwa Adéyẹmọ, ìyàwó ojú ọ̀nà, wo inú àpótí, ó wo ojú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó tún padà wo inú àpótí. Wọ́n ti kun ojú rẹ̀ dé ìdajì fún fọ́tò ṣáájú ìgbéyàwó tí wọ́n wá yà: apá ọ̀tún ti di ti olorì, apá òsì ṣì jẹ́ ti òṣìṣẹ́ báǹkì tí kò rí oorun sùn.

“Ṣèyí, iyùn dà?”

Olúṣèyí Adébíyì, tí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Prince torí pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká ọwọ́ lérí. “Iyùn ìyá bàbá mi àgbà! Iyùn ààfin! Ẹ má jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn kúrò níbẹ̀ o!”

Ọmọbìnrin yẹn ni Balkis, ọmọ àdúgbò Mpape, tó ń kun ojú fún àwọn ìyàwó. Búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí pé èèyàn lè sá.

Gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà láti ya fọ́tò lórí àpáta ló yí ojú padà, fóònù wọn náà sì yí padà pẹ̀lú wọn. Òkè yìí wà lẹ́yìn Bwari. Orúkọ tí àwọn ará abúlé ìsàlẹ̀ ń pè é, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Àwọn ọmọ Àbújá ń pè é ní Òkè Fíú, nítorí pé láti orí rẹ̀ èèyàn lè rí gbogbo àfonífojì, bí kò bá sí orí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ ọlidé bí èyí, orí ẹlòmíràn ni à ń rí jù. Wọ́n á gbé àpò ẹ̀yìn tó tóbi ju ti sójà lọ, wọ́n á wọ bàtà tí wọ́n ṣe fún yìnyín, wọ́n á wá mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè tí àwọn obìnrin abúlé ń fi sílípáàsì gùn láti wá sun àgbàdo tà fún wọn. Bí wọ́n bá dókè, wọ́n á tò lórí ìlà gígùn kí oníkálukú lè dá dúró sórí àpáta kan ṣoṣo náà, kí fọ́tò lè fi hàn pé òun nìkan ló wà láyé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná alágbàdo ni obìnrin kékeré kan jókòó sí, ó ń bó ẹ̀pà sísè jẹ láti inú ọ̀rá. Èèyàn lè pè é ní olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kò sì ní purọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Àìkú nìyẹn ní ìjọ wọn ní Galadimawa. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, Kúnbi Adégbọlá ni ọ̀gá àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Àbújá. Ìyá Kíkẹ́ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ṣọ́ àwọn ọmọ náà gun òkè, torí pé orúnkún kò jẹ́ kí òun alára fẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀kadà ni yóò gbé ìyá náà gba ẹ̀yìn òkè wá.

Kúnbi dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára.

“Prince, sọ ohùn ẹ sílẹ̀. Ọwọ́ ta ni àpótí wà?”

“Ọwọ́ rẹ̀ ni, Àǹtí! Èmi ni mo fi lé e lọ́wọ́ lábẹ́ igi yìí. Mo ní kó má ṣí i títí Mọ́mì á fi dé. Ẹ wá wò ó báyìí!”

“Ẹlòmíràn ò fọwọ́ kàn án?”

“Òun nìkan ni. Àǹtí, kí la tún ń bèèrè? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ sí àgọ́, ibẹ̀ ló ti máa rántí.”

Ọlọ́pàá kan tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ èrò ti sún mọ́ wọn, ó ń wo Balkis bí ẹni tó ń wo ẹrù tí yóò gbé. Nígbà tó rí Kúnbi, ó nà ró, ó kí i. Kúnbi ní kó dúró ná.

“Mà, ẹ gbà mí,” ni Balkis wí. “Ẹ tú ẹrù mi, ẹ tú ara mi. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́pàá bá fà mí sọ̀kalẹ̀ báyìí, tí gbogbo fóònù yìí ń ká a, ó ti parí fún mi nìyẹn. Inú yàrá tí góòlù wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti máa ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó wo ló tún máa jẹ́ kí n wọlé?”

Wọ́n tú ẹrù rẹ̀. Àtíkè, ìkunju, ìpara ètè, búrọ́ọ̀ṣì lóríṣiríṣi, àti mọ́ínmọ́ín kan tó fi pamọ́ de ọ̀sán. Àwọn obìnrin méjì na ìró yí i ká, Kúnbi sì yẹ ara rẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Kò sí iyùn.

“Ó ti ju ú fún ẹnìkejì rẹ̀ nìyẹn,” ni Prince wí. Òun ló kọ́kọ́ da àpò ti ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ òun mọ́. Ó rọra dà á, ó dúró kí àwọn tó ń ká fídíò lè rí i dáadáa. Òógùn ń ṣàn létí rẹ̀. Ó fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì òtútù rẹ̀ dé ọrùn nínú oòrùn ganrínganrín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣe ní kàyéfì. Ìdajì àwọn tó wà lórí òkè ló múra bẹ́ẹ̀.

Ìró ọ̀kadà dún láti ẹ̀yìn òkè. Màmá Adéyẹmọ, ìyá Kíkẹ́, ọ̀gá àgbà ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú gèlè tí kò yẹ̀ rárá.

“Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló dé tí wọ́n kun ọmọ mi ní ààbọ̀ ojú?”

Ṣèyí sáré pàdé rẹ̀. Ó tẹ̀ ba díẹ̀, ó fi orí ìka kan ilẹ̀. “Mọ́mì, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ti jà wá lólè.”

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Adékúnlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, dọ̀bálẹ̀ tòun ti àpò ẹ̀yìn. Àpò yẹn ló tóbi jù lórí òkè lọ́jọ́ náà, ó ga ju orí ẹni tó gbé e lọ. Bó ṣe dojú bolẹ̀ báyìí, àpò náà gun orí rẹ̀ kọjá, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí kò ru nǹkan kan.

Kúnbi dá ẹ̀pà tó ń bó dúró. Ohun méjì ló ṣàjèjì sí i nínú ìkíni yẹn. Ó kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn.

“Adékúnlé, kí ló wà nínú àpò ẹ?”

“Ẹrù òkè ni, Àǹtí. Àgọ́ tí wọ́n fi ń sùn nínú igbó, ìkòkò, sítóòfù…”

“Irin wà níbẹ̀ nìyẹn?”

“Ó pọ̀ gan-an!”

“Ó sì ṣubú lé ọ lórí, o ò pariwo. Ṣí i.”

Adékúnlé di okùn àpò mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. “Àǹtí, ẹ dákun. Kì í ṣe níbí. Kì í ṣe lójú gbogbo wọn.”

“Òun ni!” ni ẹnìkan ké láti orí ìlà. “Òun ni!” ni àwọn yòókù gbà á.

“Kúnlé?” Prince gbé ọwọ́ lé àyà jákẹ́ẹ̀tì. “Ìwọ? Ọ̀rẹ́ mi?” Ìbànújẹ́ náà dára lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ì bá fi rò pé ó ti fi dígí kọ́ ọ.

Kúnbi sún mọ́ Adékúnlé, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Wò ó, ọmọ mi. Bí o kò bá ṣí i, ọlọ́pàá á ṣí i. Tiwọn kì í níyì.”

Adékúnlé pa ojú dé, ó ṣí àpò.

Ìrọ̀rí méjì ló jáde, tí òdòdó kún ara wọn, àti kúbùsù kan tí wọ́n fi ki àyè tó kù. Kò sí nǹkan mìíràn.

“Fún fọ́tò ni,” ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. “Tí àpò bá rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, kò ní jọ ti ẹni tó mọ òkè gùn. Tó bá sì wúwo, mi ò ní lè gùn ún.”

Òkè dàrú fún ẹ̀rín. Alágbàdo fi abẹ̀bẹ̀ bojú. Ṣùgbọ́n Kúnbi ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ló ti ń fà sẹ́yìn tàpò-tàpò, kí ẹnikẹ́ni má lọ fọwọ́ kan tiwọn.

“Gbé ọ̀kan wá fún mi,” ni Màmá Adéyẹmọ wí. Ó tẹ́ ìrọ̀rí sórí òkúta, ó jókòó. “Àǹfààní wà lára irọ́ yìí, o ṣeun. Kúnbi, kí ló kù?”

“Ó ku Balkis,” ni Prince dá sí i. “Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ mú un, jàre. Ilẹ̀ ń ṣú.”

Oòrùn ṣì wà láàárín orí.

Kúnbi yí ẹ̀yìn sí i. Ó lóṣòó síwájú Màmá Adéyẹmọ. “Ẹ̀gbọ́n, iyùn yìí, ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án rí?”

“Níbo? Inú fọ́tò ni mo ti ń rí i. Ìgbàkigbà tí mo bá ní kó mú un wá, á ní ó wà ní ààfin. Ìdí tí mo fi sọ fún wọn láàárọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, pé lónìí, ọwọ́ ara mi ni màá fi wọ̀ ọ́ sọ́rùn ọmọ mi. Iyùn ni wọ́n fi sin ìyá mi lọ sílé ọkọ. Inú iyùn ni mo dàgbà sí. Mo fẹ́ gbé e lọ́wọ́ wò.”

“Ṣèyí gbọ́ nígbà tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ mi ló wà! Ṣé o ò rí i ni? Gbalaja ló dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà tòun ti ẹ̀wù funfun. Àwọn ọmọ òde òní kì í ṣe é mọ́. Inú mi dùn.”

Kò sẹ́ni tí kò rí i. Adékúnlé ti gbé fídíò ìdọ̀bálẹ̀ náà sórí ẹ̀rọ ayélujára kí ọkọ̀ tó kúrò ní Galadimawa, Prince fúnra rẹ̀ ló sì yan orin tí wọ́n fi sí i nídìí.

Kúnbi yíjú sí Balkis. “Nígbà tó gbé àpótí fún ọ, ṣé ó dún?”

“Bí báwo, Mà?”

Kúnbi na ọwọ́ sí Màmá Adéyẹmọ. “Ẹ bá mi bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn yín.” Ó tò ó sórí àrán inú àpótí, ó pa á dé, ó gbé e fún ọlọ́pàá. “Rìn lọ, kí o padà wá.”

Ọlọ́pàá rìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Bó ti wù kó rọra tó, gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ni àpótí ń dáhùn: ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́.

Balkis la ẹnu. “Kò dún o! Mà, kò dún rárá! Mo gbé e láti abẹ́ igi lọ sídìí àga, mi ò gbọ́ pín-ín. Mo tiẹ̀ rò pé òwú ni wọ́n fi dì í.”

“Kí ni kò ní sọ?” ni Prince ké. “Ẹnu olè nìyẹn!”

“Òótọ́ ni,” ni Kúnbi gbà. “Ẹnu rẹ̀ nìkan la ti gbọ́ ọ. Kò lè tó ẹ̀rí.” Ó fẹnu kan etí Màmá Adéyẹmọ, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síbẹ̀.

“Súre?” ni Màmá wí sókè. “Fún ta ni?”

“Fún ọkọ ọmọ yín. Kí ẹ sì jẹ́ kó pọ̀.”

Ẹni tó bá ti jẹ́ ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba kì í bèèrè ìdí nǹkan lójú èrò. Màmá Adéyẹmọ dìde lórí ìrọ̀rí, ó tún gèlè ṣe, ó gbé ohùn tó fi ń ṣí ìpàdé sókè.

“Olúṣèyí!”

“Mọ́mì.”

“Iyùn kì í ṣe èèyàn. Èyí tó sọnù ti sọnù. Lójú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, mo fi ọmọ mi Kíkẹ́olúwa fún ọ, yálà iyùn wà, yálà kò sí. Ilé yín á tòrò. Ẹ ó fi ọwọ́ gbọ́mọ. Bí o ṣe bu ọlá fún mi láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ayé á máa bu ọlá fún ọ.”

“Àmín!” ni gbogbo òkè dáhùn. Fóònù gòkè bí ìgbà tí koríko bá hù lẹ́yìn òjò.

Prince rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tẹ̀ ba, ó fi orí ìka kan ilẹ̀.

Àwọn bàbá mẹ́ta kan láti ẹgbẹ́ ọmọ Okun, tí wọ́n gun òkè wá pẹ̀lú fìlà lórí, ló kọ́kọ́ fajú ro.

“Kí nìyẹn?” ni ọ̀kan nínú wọn bèèrè. “Wọ́n fún ọ ní ìyàwó, o fi ìka kan ilẹ̀? Ṣé o fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbóná ni?”

“Dọ̀bálẹ̀, ọkọ ìyàwó!” ni èkejì wí.

“Dọ̀bálẹ̀! Dọ̀bálẹ̀!” Ìlà fọ́tò gbà á, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i.

“Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀,” ni Prince wí.

“Láti ìgbà wo?” Ohùn Kúnbi dùn bí ohùn ẹni tó ń bi ọmọdé ní ẹsẹ Bíbélì. “Láàárọ̀, lórí ọ̀dà, ìwọ nìkan lo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì sẹ́ni tó fún ọ ní nǹkan kan. Láti ìgbà tí o ti wọ jákẹ́ẹ̀tì yìí ni àyà ẹ ò ti fẹ́ kan ilẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́, àbí iwájú?”

Prince wo ọ̀nà ìsàlẹ̀. Èrò ti dí i. Ó wo àwọn fóònù. Ó sì ṣe ohun tí ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ojú rere èrò yóò ṣe: ó dọ̀bálẹ̀. Ó rọra ń lọ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara rẹ̀ dúró bí ẹni tó lóyún. Ọwọ́ ọ̀tún yọ̀ lórí ṣùkù àgbàdo kan.

Ohun kan fọ́ kẹ́kẹ́ lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Okùn já. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa fòò bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti etí jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń yí gbirigbiri lórí àpáta, àwọn ọmọge ń fò lé wọn lórí. Ọ̀kan gba àárín bàtà àwọn èèyàn kọjá, ó wọnú iná alágbàdo lọ tààrà.

“Iyùn mi!” ni Prince ké, ó ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. “Wọ́n… wọ́n ti fi sí mi lára!”

Òórùn kan ti gba gbogbo òkè náà. Nínú iná, iyùn ààfin ti rọ̀, ó ń hó, ó ń rú èéfín dúdú, ó sì ti lẹ̀ mọ́ àgbàdo méjì.

Alágbàdo ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. “Kai! Wa ya saka roba a wuta?”

Kò sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀ láti mọ̀ pé ó ń bèèrè ẹni tó ju rọ́bà sínú iná. Màmá Adéyẹmọ he ọ̀kan nílẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́ wò, ó fi eyín kàn án, ó tu itọ́ sílẹ̀.

“Rọ́bà ni.”

“Àpótí kò dún lóòótọ́,” ni Kúnbi wí. “Òfìfo ni Prince gbé fún ọmọ ọlọ́mọ. Láàárọ̀ ló gbọ́ pé ẹni tó mọ iyùn fẹ́ gbé e lọ́wọ́. Nísàlẹ̀ òkè, ó ní òun fẹ́ tọ̀, ó wọ ẹ̀yìn igbó pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, ó jáde pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì. Bí iyùn bá sọnù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé kì í ṣe iyùn. Àpò la ń tú kiri lónìí. Ara ẹni tó ní òun pàdánù ẹrù la ò yẹ̀ wò.”

“Tèmi ni, Àǹtí!” Prince ti jókòó báyìí. “Mi ò jalè. Èèyàn ò lè jí nǹkan ara rẹ̀!”

“O ò jí ìlẹ̀kẹ̀. Orúkọ Balkis lo fẹ́ jí, òun ló sì fi ń jẹun.”

Ọlọ́pàá ti ń wo Prince báyìí bó ṣe ń wo Balkis lẹ́ẹ̀kan.

“Ààfin wo gan-an?” ni Màmá Adéyẹmọ bèèrè.

Prince wolẹ̀. “Bàbá mi… òun ló ń wa mọ́tò kábíyèsí.”

Kíkẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ààbọ̀ ojú rẹ̀ méjèèjì wá jọra wàyí. “Ṣèyí, ṣé mo béèrè ààfin lọ́wọ́ ẹ rí? Ọmọ awakọ̀ ì bá tó mi. Mi ò ní bínú torí rọ́bà. Ṣùgbọ́n o dúró níbí, o ń wò, kí wọ́n gbé Balkis lọ.” Ó bọ́ òrùka ìka rẹ̀, ó fi í sínú àpótí, ó pa á dé. Nígbà tó gbé e fún un, àpótí náà dún. “A máa sọ ìyókù nílé. Dọ̀bálẹ̀ fún un ná.”

“Fún… fún ẹni tó ń kun ojú?”

“Kò sí nǹkan tó ń dí ẹ láyà mọ́.”

Prince wo ọlọ́pàá, ó wo Kúnbi, ó wo àwọn bàbá Okun. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Balkis, gbalaja, àyà kan òkúta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan òkúta. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Balkis ní búrọ́ọ̀ṣì láti nù, ó nù ún tán. “Mo ti gbọ́, Bùrọ̀dá. Ẹ rọra dìde o, òkúta ń gbóná.” Ó yíjú. “Àǹtí Kíkẹ́, ẹ jókòó. Apá òsì ló kù.”

Ìlà fọ́tò fúnra rẹ̀ ló la ọ̀nà fún wọn, ohun tí Òkè Fíú kò rí rí. Kíkẹ́ gun àpáta pẹ̀lú ọrùn òfìfo àti ojú tó pé, ó fa Balkis gòkè mọ́ra. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, onífọ́tò tí wọ́n bá wá yà á. “Ó tó gẹ́ẹ́, ó ti kàn wá!” ni ẹnìkan ké lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ayé sì padà sípò.

Nígbà tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ dé ìdí òkè, ìyàwó méjì ti gba nọ́ńbà Balkis. Ìdọ̀bálẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tó tú ìlẹ̀kẹ̀ ká, ti borí ti àárọ̀ pátápátá lórí ẹ̀rọ ayélujára. Adékúnlé ló gbé e síbẹ̀. Ó gbé orí lé ìrọ̀rí kan nínú ọkọ̀, Màmá Adéyẹmọ sì jókòó lórí èkejì, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣèlérí pé òun máa dá a padà.